Ẹ má pa géèmù tó ṣì wà láàyè torí kósítà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé sí ojú ìwé iṣẹ́-ọwọ́ yín, ìyẹn bí èèyàn ṣe lè fi ọmọ géèmù àtijọ́ ṣe kósítà, pẹlẹbẹ tí a máa ń gbé ife lé kó má baà ba tábìlì jẹ́. Inú mi dùn pé ẹ tiẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè torí iṣẹ́ tó ń dá ara yá ni, kò sì gba agbára, àmọ́ ohun tí akọ̀wé yẹn ní ká ṣe, pé ká ṣáà kó géèmù yòówù tó bá wà nílé tí a ò fi ṣeré mọ́, ká tò ó, ká da resin (nǹkan olómi tó máa ń gbẹ di líle) lé e lórí, ó parí, èmi ò lè rí ìyẹn kí n dákẹ́. Kò parí síbẹ̀ rárá. Ohun méjì ló fò kọjá, irú géèmù tó yẹ ká fọwọ́ kàn, àti ohun tí ife fúnra ẹ̀ ń ṣe sí nǹkan tí a bá gbé e lé.

Ẹ jẹ́ ká tibi ife bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni kósítà. Ife tó tutù máa ń làágùn. Kì í ṣe omi inú ẹ̀ ló ń jò o, atẹ́gùn inú yàrá ló ní omi nínú tí ojú ò lè rí, tí atẹ́gùn yẹn bá wá kan ara ife tó tutù, omi inú ẹ̀ á jókòó sára ife, á di ẹ̀kán kéékèèké, á máa ṣàn wálẹ̀, ìdí ife ló sì máa ń parí ẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti máa ń ráyè wọnú fáníìṣì tábìlì, tó máa fi àmì funfun róbótó sílẹ̀, àá nù ún nù ún kò ní lọ, torí inú fáníìṣì yẹn ni omi há sí, orí ẹ̀ kọ́ ló wà. Ife gbígbóná náà ní wàhálà tiẹ̀, òun máa ń mú kí fáníìṣì rọ̀. Iṣẹ́ méjì ni kósítà ń ṣe nígbà náà, ó ń gba omi, ó sì ń gba ooru, èyí tí kò bá lè ṣe méjèèjì, ọ̀ṣọ́ ló kù tó lè ṣe lóòótọ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe é fún títà mọ èyí dáadáa. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Dresden ní Jámánì, Robert Sputh lorúkọ ẹ̀, òun ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1892 lórí kósítà tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe, wọ́n á po igi yẹn mọ́ omi, wọ́n á dà á sínú nǹkan róbótó, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé ó ń fa omi mu. Tiwa tí a fẹ́ fi ọmọ géèmù ṣe ò lè fa omi mu bẹ́ẹ̀, rọ́bà ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó sì jẹ́ igi la ti kùn. A gbọ́dọ̀ wá ibòmíì tí omi yẹn máa gbà.

Ẹni tó bá ti lo kósítà tó ń dán, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á mọ ohun tí mò ń sọ. Omi díẹ̀ á wà láàárín ìdí ife àti kósítà, á so wọ́n pọ̀, èèyàn á gbé ife, kósítà náà á bá a dìde, kò tún ní já lójú ẹsẹ̀ o, ó di ìgbà tí ife bá fẹ́ kan ẹnu kó tó já gbàgà sórí itan, tàbí kó bọ́ lu ilẹ̀ kí etí ẹ̀ ṣẹ́. Ọmọ géèmù tí a bá tò pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà tó wà láàárín táìlì (ọmọ géèmù pẹlẹbẹ) kan sí èkejì ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba abẹ́ ife kọjá, omi náà á rí ibi sá sí, ife á sì dìde láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ìdí gan-an nìyí tí ọ̀rọ̀ resin yẹn fi bí mi nínú, tí ẹ bá da resin bo gbogbo orí ẹ̀, ìlà wọ̀nyẹn náà lẹ dí, ohun tí géèmù fi dáa ju gíláàsì lọ lẹ fi ọwọ́ ara yín mú kúrò.

Ìyẹn ti ife. Ti géèmù ló dùn mí jù.

Wọ́n ní ká kó géèmù tí a ò ta mọ́. Ha, tí ẹ̀yin ò bá ta á mọ́, ṣebí ẹlòmíì wà tó máa fẹ́ ta á, ẹ gbé e fún ọmọ tó wà nítòsí jàre. Géèmù tó pé kì í ṣe ìdọ̀tí. Èyí tó yẹ ká gé, ká lẹ̀, ká kùn ni èyí tó ti kú, òkú géèmù lójú tèmi sì ni èyí tí nǹkan ti sọnù nínú ẹ̀, tí kò sí bí a ṣe lè rọ́pò ẹ̀ kó má ba eré yẹn jẹ́.

Gbogbo géèmù kọ́ ló máa ń kú bẹ́ẹ̀, ẹ kàn wò ó dáadáa. Lúdò kì í tètè kú. Ọmọ 16 ló ní, mẹ́rin mẹ́rin fún àwọ̀ mẹ́rin, tí pupa kan bá yí lọ sábẹ́ àga tí a wá a tì, bọ́tìnnì kan ti tó láti dúró fún un, torí ìta gbangba ni gbogbo ọmọ lúdò wà, kò sí èyí tí ẹnì kan fi pamọ́ fún ẹnì kejì. Chess náà bẹ́ẹ̀, ọmọ 32, ìdérí ìgò lè ṣe iṣẹ́ pawn, ọmọ kékeré inú chess, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ẹ̀ pàdánù. Dráfù ńkọ́? Owó ẹyọ kan, ó ti tó. Dáìsì sọnù? Ẹ mú òmíì nínú géèmù míì, gbogbo wọn ló ń ka 1 dé 6, ojú méjì tó kọjú síra náà ń jẹ́ 7 tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, kò sí ìyàtọ̀.

Àwọn tó ń kú ni àwọn tí a máa ń da ojú ọmọ wọn dé. Dómínò tí òǹkà ẹ̀ parí sí 6, ọmọ 28 ló ní, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì wà lára ọmọ 7, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ń ka èyí tó ti jáde ni, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó kù lọ́wọ́ ẹnì kejì, tí ọ̀kan bá ti sọnù ìṣirò yẹn dàrú nìyẹn. Ẹ wá ní kẹ́ ẹ mú òmíì láti inú páálí míì wá fi dí i, bó ṣe nípọn tàbí àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á tú àṣírí, wọ́n á ti mọ ọmọ tẹ́ ẹ gbé dání kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Káàdì náà nìyẹn, 52 ni, tó bá ti di 51 ìjà ló kù tó lè dá sílẹ̀.

Scrabble, géèmù tí a ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀, wà láàárín méjèèjì, òun sì ló yẹ ká fara balẹ̀ sí torí òun làwọn èèyàn máa ń fi ṣe kósítà jù. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní táìlì 100, lẹ́tà wà lára 98, ojú méjì ṣófo. Ọ̀gbẹ́ni Alfred Butts tó dá géèmù yìí sílẹ̀, ayàwòrán ilé ni, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ló bá jókòó ti ojú ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jáde (ẹ̀yin olóòtú, ẹ rí i pé iṣẹ́ yín wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ), ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé E gbọ́dọ̀ pọ̀, kí Q àti Z ṣọ̀wọ́n. Bó ṣe di pé E jẹ́ 12 nìyẹn, tí Q àti Z jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gba máàkì 10 10. Ní 1948 ni orúkọ Scrabble dé, lẹ́yìn tí James Brunot gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Tí E kan bá sọnù nínú 12, lójú tèmi géèmù yẹn kàn ń ṣàìsàn ni, kò tíì kú, àwọn ọmọdé ṣì lè ta á kí wọ́n má mọ̀. Tí Q àti Z bá ti lọ, tí S kan tún bá wọn lọ, ó di òkú.

Àwọn kan máa ń gbà wá nímọ̀ràn pé ká da Scrabble méjì tí kò pé pọ̀, ká mú ohun tó kù nínú ọ̀kan dí èkejì. Ó ṣeé ṣe tó bá jẹ́ pé irú kan náà ni wọ́n. Tí wọn ò bá jọ ara wọn, ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n nínú báàgì kí ojú tó rí i, ọ̀kan á dán ju èkejì lọ, tàbí kí etí ẹ̀ mú, ẹni tó bá gbọ́n á máa fọwọ́ wá táìlì tó fẹ́. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá sí, kẹ́ ẹ fi èkejì ṣe kósítà.

Kẹ́ ẹ tó mú gọ́ọ̀mù, ẹ tún yẹ ohun tó wà lọ́wọ́ yín wò o. Àwọn dómínò àtijọ́ wà tí wọ́n fi egungun ṣe, àwọn chess kan sì wà tó jẹ́ eyín erin, àwọn bẹ́ẹ̀ ò yẹ ní ohun tí a ń fi gọ́ọ̀mù bà jẹ́. Ní 1831 ni wọ́n rí àwọn ọmọ chess kan tí wọ́n fi eyín walrus, ẹran ńlá inú òkun, gbẹ́ ní erékùṣù Lewis ní Scotland, púpọ̀ nínú wọn wà ní British Museum báyìí, àmọ́ gbogbo ẹ̀ kọ́ ni wọ́n rí. Ní 1964 ẹnì kan ra ọ̀kan nínú àwọn tó sọnù yẹn ní owó táṣẹ́rẹ́, kò mọ ohun tó rà, inú dúrọ́ọ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tó di 2019 tí àwọn tó mọ̀ ọ́n wá wò ó, owó gọbọi ni wọ́n tà á. Mi ò sọ pé tiyín náà á rí bẹ́ẹ̀, mo kàn ní kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ó dáa, ká ní Scrabble yín ti kú pátápátá. Táìlì ẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 19. Akọ̀wé yín ní ká tò ó ní 4 sí 4, ìyẹn ò tíì tó sẹ̀ǹtímítà 8 o, ife tí ìdí ẹ̀ fẹ̀ á yọ etí síta, omi á kán sórí tábìlì, kí wá ni a ṣe nígbà náà? 5 sí 5 ló yẹ, ó máa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 àbọ̀, ọ̀pọ̀ ife máa jókòó sí i dáadáa. 25 lọ́nà mẹ́rin sì ni 100, àfi bíi pé wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀. Àmọ́ òkú géèmù lẹ ní lọ́wọ́ ẹ rántí, kò lè pé 100, ti kẹrin á fi ojú bíi mélòó kan ṣófo. Ẹ fi àyè yẹn sí igun. Ife róbótó ni, kì í dé igun, ẹ lè wá nǹkan míì tó nípọn dọ́gba sí i dí i, ọmọ lúdò kékeré kan kẹ̀, kò ní dí ife lọ́wọ́ tó bá jẹ́ igun lóòótọ́ ló wà tí kò sì ga ju táìlì lọ púpọ̀.

Ẹ tò ó ná láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Kì í ṣe gbogbo táìlì ló nípọn bákan náà, pàápàá àwọn onígi tó ti gba ọ̀rinrin rí. Ẹ mú rúlà, ẹ gbé e dúró lórí etí ẹ̀ gba orí wọn kọjá, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tábìlì dọ́gba kẹ́ ẹ máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ rúlà, táìlì ibẹ̀ ló rẹlẹ̀, ibi tí rúlà bá sì ti ń mì, èyí tó wà níbẹ̀ ló ga jù. Ẹ pààrọ̀ wọn, ẹ kó àwọn tó dọ́gba sí àárín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àmọ́ òun ló ń sọ bóyá ife á dúró jẹ́ẹ́ tàbí á máa ṣe gbọ̀nkẹ́gbọ̀nkẹ́ nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀.

Ohun tí ẹ máa lẹ̀ wọ́n mọ́, bọ́ọ̀dù géèmù yẹn fúnra ẹ̀ ti wà níbẹ̀, kí lẹ tún ń wá kiri? Páálí tó le ni. Ẹ má tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e o, ojú ìlà 15 sí 15 tó wà lórí bọ́ọ̀dù máa ń fẹ̀ ju táìlì lọ díẹ̀ kí táìlì lè ráyè jókòó, tẹ́ ẹ bá gé márùn-ún níbẹ̀ páálí á yọ jáde lábẹ́. Ẹ gbé táìlì tí ẹ ti tò lé e, ẹ fi pẹ́ńsù yí i ká, ẹ gé ibẹ̀. Rúlà onírin àti bíléèdì tó mú ni, ẹ sì rọra fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un fà, ẹ tún un fà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ yín lẹ fẹ́ gé yẹn. Etí páálí tí ẹ gé yẹn lẹ gbọ́dọ̀ bójú tó jù, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé tí páálí á wú tí á ṣí bí ìwé, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tàbí fáníìṣì pa á yíká kó mu ún yó.

Gọ́ọ̀mù wo? Ẹ yí táìlì dé kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà igi (àwọn àtijọ́ igi maple ni wọ́n fi ń ṣe é), gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ti tó, òun ló dáa jù, ẹ ní àyè láti tún un tò kó tó gbẹ. Tó bá jẹ́ rọ́bà, gọ́ọ̀mù káfíńtà ò ní mú un, á gbẹ tán á wá ṣí kúrò pátápátá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní àlejò. Ẹ fi sánpépà ha ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀ kó lè ní ibi dì mú, ẹ wá lo super glue tàbí epoxy olójú méjì (ohun méjì la máa ń pò pọ̀ kó tó le). Ẹ̀kán kan ti tó super glue, tó bá pọ̀ jù èéfín ẹ̀ á fi funfun kan sára táìlì bí ẹni pé eruku bò ó, ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Tó bá sì dà sórí táìlì, ẹ má sáré mú omi tí wọ́n fi ń nu èékánná o, ó máa ń jẹ rọ́bà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ tẹ́ nylon lé e, ẹ kó ìwé tó wúwo lé e, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Fáníìṣì ló kù, polyurethane ló dáa, nínípọn kọ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan láyè láti gbẹ, ẹ sì fi sánpépà tó fẹ́lẹ́ gba orí ẹ̀ láàárín. Bùrọ́ọ̀ṣì yín ò gbọdọ̀ rẹ jù kó má baà kún inú ìlà tí mo ti ń yìn láti òkè wá.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ sórí ẹ̀, ìfẹ́ inú yín ni. Tó bá jẹ́ Yorùbá, C, Q, V, X àti Z tí kò rí iṣẹ́ ṣe, ẹ kó wọn lọ sígun, ẹ fi ìkọ̀wé oníyíǹkì dúdú kán àmì sábẹ́ E, O àti S kẹ́ ẹ tó fi fáníìṣì sí i. Èmi ò fẹ́ràn kí gbogbo 25 wá di ọ̀rọ̀ o, ó máa ń rí bí ìdánwò. Ọ̀rọ̀ kan péré ní àárín, kí ìyókù dàrú, ẹni tó bá gbé ife kúrò á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí i.

Dómínò rọrùn jù ú lọ. Gígùn ọmọ kan jẹ́ ìlọ́po méjì fífẹ̀ ẹ̀, mẹ́jọ sì máa ń di onígun mẹ́rin tó dọ́gba, méjì ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀. Nínú 27 tó kù lọ́wọ́ yín, kósítà mẹ́ta lẹ máa rí, mẹ́ta á ṣẹ́kù. Ihò tó wà lójú ẹ̀ tún ń gba omi díẹ̀, ìyẹn èrè. Ti dráfù rẹwà, ẹ fi ọ̀kan sí àárín, mẹ́fà á yí i ká pẹ́kípẹ́kí láìsí àlàfo kankan láàárín àwọn mẹ́fà yẹn, ẹ lè fi owó ẹyọ dán an wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí báyìí. Àmọ́ níbi tí mẹ́ta bá ti kan ara wọn, àlàfo onígun mẹ́ta kékeré máa ń wà tí omi ń gbà bọ́ sísàlẹ̀, wọn ò lè dá dúró láìsí nǹkan lábẹ́, àwọn tí etí wọn ga ju àárín lọ náà á máa gba omi dúró, ẹ da ojú wọn dé tí ẹ̀yìn wọn bá tẹ́jú. Dráfù sì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kì í tètè kú o, ẹ rí i dájú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Wàyí o, resin. Mi ò kórìíra ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ chess, dáìsì, àwọn ilé kéékèèké inú géèmù Monopoly lẹ fẹ́ lò, kò sí ọ̀nà míì torí ife ò lè dúró lórí wọn, àfi kí resin bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí orí ẹ̀ tẹ́jú. Ohun tí akọ̀wé yín ò sọ ni pé ọ̀pọ̀ resin epoxy tí a ń rà fún iṣẹ́-ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tí ooru bá ti tó nǹkan bíi 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tíì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ife á rì sínú ẹ̀ díẹ̀, á fi òrùka sílẹ̀, nígbà míì ó tún máa lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ṣe fún ooru wà, ara ìgò ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó rà á. Tẹ́ ẹ bá ti ra èyí tí wọn ò ṣe fún ooru, ohun mímu tútù nìkan ló wà fún.

Bẹ́ ẹ ṣe máa pò ó náà, ohun tó wà lára ìgò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀, àwọn kan rò pé táwọn bá sọ èyí tó ń mú un le di púpọ̀ á tètè gbẹ, kò rí bẹ́ẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí láé ni. Ó ń gbóná bó ṣe ń le, nítorí náà ẹ má da èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí igi bá wà nínú ohun tẹ́ ẹ tò, atẹ́gùn inú igi á máa jáde wá di hóhò, ẹ kọ́kọ́ fi fẹ́lẹ́ kan pa á lára, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó da ìyókù. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, fèrèsé ní ṣíṣí ṣe pàtàkì, torí èyí tí kò tíì gbẹ lè dá ara lóró, ara ẹlòmíì á wá kọ̀ ọ́ pátápátá lẹ́yìn náà. Èmi ò ní jẹ́ kí ọmọdé bá mi pò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa to táìlì, ìyẹn gan-an ló dùn níbẹ̀, àwọn tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu nìkan ni kẹ́ ẹ gbé jìnnà.

Káàdì àti àwọn ìwé ilẹ̀ Monopoly (28 ni wọ́n), ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ táìlì ilé tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fi fáníìṣì bo orí àti etí ẹ̀ dáadáa, ó ti tán. Jigsaw (àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí a ń tò pọ̀) tí ojú kan sọnù nínú ẹ̀ ò wù mí fún iṣẹ́ yìí, òkú ni lóòótọ́ àmọ́ páálí ni, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ̀ jù, omi á rí ibi kan wọ̀ dandan.

Abẹ́ ẹ̀ ni mo tún fẹ́ mẹ́nu bà, torí kò sí níbi kankan nínú ohun tí ẹ tẹ̀ jáde. Kósítà tó bá ń ha tábìlì burú ju kí a má lò ó lọ. Kọ́ọ̀kì fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ felt ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, kẹ́ ẹ gé e kó kéré díẹ̀ sí kósítà kó má baà yọjú. Èmi fẹ́ràn kọ́ọ̀kì jù. Felt máa ń mu omi pamọ́ sábẹ́, tí tábìlì ò bá sì ní fáníìṣì tó dáa, èyí tó ní àwọ̀ líle lè kùn ún.

Mo gbọ́ pé apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi ní kí akọ̀wé yẹn bu omi gbígbóná sínú ife kan, kó gbé e lé kósítà tiẹ̀ tó ya fọ́tò ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, kó fi sílẹ̀ títí á fi tutù, kí ẹ wá tẹ fọ́tò ohun tó bá rí lábẹ́ ife jáde.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín